Táyà ẹ̀yìn wo ni kí n rà: èyí tó ń pẹ́ ni, àbí èyí tó ń di ọ̀nà mú?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù ni mo fi ń kó ẹrù láti Yàbá lọ sí Súrùlérè lójoojúmọ́. Táyà ẹ̀yìn mi kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ̀ lórí ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì ní Ojúẹlẹ́gba, díẹ̀ ló sì kù kí n ṣubú. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn kìíní
Àbúrò, o kú ewu. Rọ́bà líle máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n kì í di ọ̀nà mú tó rírọ̀, èyí tó máa ń tètè jẹ. Àwọn táyà kan wà tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe àárín wọn, nítorí pé ibẹ̀ ló ń jẹ jù bí a bá ń lọ tààrà, tí wọ́n sì fi rírọ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí a ń fara tì ní kọ́nà. Irú rẹ̀ ni mo ń lò. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ n kò kábàámọ̀.

Ìdáhùn kejì
Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT lára táyà náà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ jù máa ń gan, kódà bí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó: 1415 ló wà lára tèmi.