Báwo ni mo ṣe lè ṣe sáídà tí adùn ápù kò ní tán nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa pípọn ọtí ápù, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Mo fẹ́ ṣe sáídà ní ìlànà Normandy àti Brittany ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí omi ápù hó díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù (ìyẹn ni pé kí ìwúkàrà máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, kì í ṣe pé wọ́n gbé e kaná) títí ìpele kan tó ki, tó sì pọ́n, yóò fi léfòó, tí wọn yóò wá rọra fa omi tó mọ́ gaara lábẹ́ rẹ̀ jáde, kí ọtí náà lè dùn láìsí pé a fi ṣúgà kún un.

Sáídà ilé iṣẹ́ ńláńlá yàtọ̀ sí èyí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ju kí omi ápù jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà lọ. N kò bẹnu àtẹ́ lu irú Strongbow, sáídà ilé iṣẹ́ ńlá kan, o, torí kí adùn má yí padà láti ìgò dé ìgò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mò ń wá nìyẹn.

Ṣé ìwúkàrà ara èèpo ápù nìkan tó, àbí kí n ra ti ọjà? Ṣé Dabinett, irú ápù sáídà kan tó dùn tó sì korò díẹ̀, nìkan lè ṣe é, àbí kí n fi ápù tó kan díẹ̀ lù ú? Èyí tó ká mi lára jù ni ìgbà tó yẹ kí n rọ ọ́ sínú ìgò, nítorí bí ṣúgà bá ṣẹ́ kù púpọ̀, tí híhó rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀, ìgò lè bẹ́. Kí ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó dé e?