Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kí n máa ta kòkó bẹ́ẹ̀, àbí kí n máa lọ̀ ọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, oko kòkó bàbá mi n'Ídànrè ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ṣe là ń jó, àfi bó ṣe já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e torí àwọn oníṣokoléètì lókè òkun ò rà á bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ivory Coast àti Gánà ló ń kó ju ìdajì kòkó ayé jáde o, síbẹ̀ Switzerland tí ò gbin kòkó ló ń fi ṣokoléètì pawó, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo wá ń rò ó pé kí n ra ẹ̀rọ kékeré, kí n máa lọ̀ ọ́ di páúdà, ṣùgbọ́n owó dísù jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ta ló sì máa rà á nílé níbí tówó ò sí lọ́wọ́ aráàlú? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó pé yín?