Ìmọ̀ràn: ẹ̀rọ GPS wo ni kí n fi ṣe sáfà àkókò?

Olùtọ́jú_Nẹ́ẹ̀tì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Íntánẹ́ẹ̀tì wa máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó bá sì ti lọ, aago àwọn kọ̀ǹpútà wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, àkọsílẹ̀ sáfà kan ò ní bá ti èkejì mu mọ́. Mo fẹ́ ní sáfà NTP tiwa (NTP ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá aago ara wọn mu lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó ń gba àkókò lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, wà nílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ GPS oní-USB tó, àbí kí n wá òmíràn?

Aago_Pé
Ẹ má ra oní-USB. PPS ni ẹ nílò. Nǹkan méjì ló ń jáde lára ẹ̀rọ GPS. Ọ̀kan ni NMEA, ọ̀rọ̀ kíkọ tó ń sọ déètì àti àkókò. Ó máa ń pẹ́ dé, nígbà mìíràn ní ọgọ́rùn-ún millisecond mélòó kan, pípẹ́ rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Èkejì ni PPS, àmì iná mànàmáná tó ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀rọ tó dára, àṣìṣe rẹ̀ kì í tó microsecond kan. NMEA ló ń dárúkọ ìṣẹ́jú àáyá, PPS ló ń lu agogo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-USB ni kì í mú PPS jáde rárá.

Wáyà_Pupa
Òótọ́ ni. Tówó bá wà, ẹ ra u-blox NEO-M8T. Iṣẹ́ àkókò gan-an ni wọ́n ṣe é fún: ẹ ó jẹ́ kó kọ́kọ́ wọn ibi tí áńtẹ́nà wà dáadáa, lẹ́yìn náà, bí sátẹ́láìtì kan ṣoṣo ló kù tó ń rí, á ṣì máa fún yín ní àkókò. Tówó ò bá tó, NEO-M8N náà á ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ pátákó rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Lára àwọn pátákó pọ́ọ́kú kan, iná kékeré tó ń ṣẹ́jú nìkan ni wọ́n so PPS mọ́, kò ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè ki wáyà bọ̀. Ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ́dà wáyà mọ́ ìdí iná náà. Kí àmì rẹ̀ sì jẹ́ 3.3V, torí 5V lè ba Pi jẹ́.

Òkè_Àjà
Ẹ̀rọ lẹ̀ ń sọ ṣáá, áńtẹ́nà ńkọ́? Ẹ gbé e síta, sórí òrùlé, níbi tó ti rí ojú ọ̀run kedere. Kì í ṣe abẹ́ páànù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri gíga: àmì tó bá kọ́kọ́ lu ògiri kó tó dé ti rìn ju bó ṣe yẹ lọ, àkókò tó gbé wá ò ní tọ̀nà. Ẹ má da ara yín láàmú lórí gígùn kébù. Nanosecond 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni mítà kan ń fi kún un. NTP ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣáà fi adènà mànàmáná sí i.

Olùtọ́jú_Nẹ́ẹ̀tì
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti so M8T mọ́ Pi, `ppstest /dev/pps0` sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá tan Pi láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, chrony, ètò tó ń tún aago Pi ṣe, ò gba PPS náà.

Aago_Pé
Kò mọ ìṣẹ́jú àáyá tí àmì náà jẹ́ ni. Ẹ so ó mọ́ NMEA nínú ètò chrony:

`refclock SHM 0 refid NMEA offset 0.2 delay 0.2 noselect`
`refclock PPS /dev/pps0 refid PPS lock NMEA prefer`

Ẹ fi `-n` bẹ̀rẹ̀ gpsd, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ GPS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa dúró de ẹni tó máa béèrè kó tó ṣí ẹ̀rọ náà. Iye `offset` tiyín, ìyẹn bí NMEA ṣe ń pẹ́ tó, lè yàtọ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé, ẹ fi NMEA wé àwọn sáfà ìta (sáfà àkókò orí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ tún un ṣe. Tó bá ti wọlé, ẹ ó rí `#*` níwájú PPS nínú `chronyc sources`. Ẹ má gbàgbé `allow` o, láìsí i chrony kì í dá kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn.

Wáyà_Pupa
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn sáfà ìta kúrò. Láti 2017, aago GPS ti fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣíwájú UTC (àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé), ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sì lè má tíì gbọ́ iye náà, torí odindi ìròyìn sátẹ́láìtì ń gba ìṣẹ́jú 12 àbọ̀ kó tó pé. Òǹkà ọ̀sẹ̀ GPS náà ń padà sí òdo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1,024; nígbà tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019, déètì àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún. Tí sáfà ìta mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà níbẹ̀ tí GPS yín sì ṣìnà, chrony á fi `#x` sí i níwájú, kò sì ní tẹ̀ lé e.