Àtòléra tàbí adìmọ́ra: orúkọ wo ló yẹ àpótí irinṣẹ́ wọ̀nyí?

Àwọn káfíńtà Yorùbá tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ní Gwarinpa àti Kubwa ló béèrè orúkọ tí a ó máa pe àwọn àpótí oníke líle tí wọ́n ń kó dìrílì, jígísọ̀, bátìrì àti ṣájà sí, èyí tí a lè tò lérí ara wọn, tí ìdè ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń so wọ́n pọ̀ débi pé ẹni tó bá gbé ti òkè ti gbé ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá, akwati ni àwọn Haúsá ń pè é, àwọn tiwa náà sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Kò burú, àmọ́ akwati náà ni àpótí tí ọkọ ìyàwó ń kó ẹrù lefe, ìyẹn ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ìyàwó, sí, nítorí náà kò ya ti káfíńtà sọ́tọ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti dá lábàá: àpótí alágbèéká, àpótí alájà àti àpótí àtòléra. Alágbèéká kò yẹ kó gbà wá lákòókò, nítorí pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ti gbà á lọ. Alájà dùn létí àwa tí a mọ ilé alájà méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹyọ kan péré ti ní irú àpótí yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan kò ní àjà kankan.

Orí àtòléra gan-an ni àríyànjiyàn wà. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé kò ní ìtumọ̀ méjì, òótọ́ sì ni. Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni pé bíríkì ní Dei-Dei náà ṣeé tò léra, kéègì òróró ṣeé tò léra, àwo inú ilé ìdáná pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn ti ń to àpótí léra tipẹ́tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ Tanos ní Jámánì tó gbé àpótí irinṣẹ́ Systainer jáde ní ọdún 1993. Ohun tuntun tí Systainer mú wá ni ìdè tó so àpótí kan mọ́ ìkejì rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 2010, wọ́n fi ìdè yíyí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní T-Loc rọ́pò àwọn ìdè ti tẹ́lẹ̀: bí a bá yí i síhìn-ín, ọmọrí ṣí; bí a bá yí i sọ́hùn-ún, àpótí méjì di ọ̀kan. Àpótí Packout ti ilé iṣẹ́ Milwaukee, tó jáde ní ọdún 2017, àti ToughSystem ti ilé iṣẹ́ DeWalt náà ní ìdè tiwọn, àti èyí tó ní táyà tí a máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá kó lè ru àwọn tó wúwo. Fúùdù káríà àwọn ìyá wa ló sún mọ́ ọn jù, nítorí pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ọwọ́ kan gbé gbogbo abọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ kẹrin, àpótí adìmọ́ra, ni mo fara mọ́. Ẹ wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì: àtòléra ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ (à-) bíi ti àkọsílẹ̀, tó ń sọ ohun tí ẹlòmíràn ṣe sí nǹkan, adìmọ́ra ní olóhùn àárín (a-) bíi ti apẹja àti akọrin, tó ń sọ ohun tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àpótí yìí ló ń di èkejì rẹ̀ mú. Ẹnìkan ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dún bí orúkọ bùláńkẹ́ẹ̀tì ìgbà ọyẹ́; mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì yí ìbò mi padà.

Ní ti inú àpótí, ẹ jẹ́ kí a yẹra fún yàrá, tó tóbi jù fún ihò tí wọ́n gbẹ́ sára fóòmù ní ìwọ̀n irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ́ ló bá a mu: ìtẹ́ dìrílì, ìtẹ́ ṣájà. Ìtẹ́ bátìrì nílò orúkọ tirẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bí síkúrúù tàbí bíìtì tó tú sílẹ̀ bá kan ẹnu bátìrì lithium níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná inú rẹ̀ yóò gba ara irin náà kọjá, yóò gbóná, ó sì lè jó. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá sọ fún pé kó dá bátìrì padà sí ìtẹ́ rẹ̀ kò ní jù ú sáàárín irin wẹ́wẹ́.

Àtakò kan ṣì wà, ó sì lágbára: wọ́n ní adìmọ́ra kì í ṣe òótọ́, nítorí pé Packout kì í di ToughSystem mú. Èsì mi ni pé orúkọ náà sọ pé ó ń dì mọ́ra, kò sọ pé gbogbo ayé ni. Pátákó pẹlẹbẹ tí àwọn kan ń fi sáàárín kí ẹ̀yà méjì lè bá ara wọn mu ni a kò tíì sọ lórúkọ, alárinà ni mo sì dábàá fún un.