«Aiguille» àti abẹ́rẹ́: ibo ni wọ́n ti pínyà?

Olùkọ́_Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà tí a fi ń kọ́ àwọn àgbà la ń tún tò. Gbogbo ibi tí Faransé ti kọ «aiguille» ni wọ́n kọ abẹ́rẹ́ sí, títí kan ti aago àti ti ojú irin. Kò dùn létí. Ibo ló yẹ kí abẹ́rẹ́ dúró sí? Ẹ̀yin aránṣọ, kí sì ni ìtumọ̀ nọ́ńbà méjì ara páálí abẹ́rẹ́ máṣíìnì, bíi 90/14?

Aránṣọ_Wàǹdó: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. 90 ni bí ara abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó, ìyẹn mìlímítà 0.90, 14 ni nọ́ńbà àwọn ará Amẹ́ríkà fún ohun kan náà. 70/10 wà fún sílíìkì, 80/12 tàbí 90/14 fún àǹkárá, 100/16 fún jíìnsì. Ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ o: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ra òdì.

Ẹ kọ ẹ̀yà ara rẹ̀ náà sínú ìwé. Ojú abẹ́rẹ́ ọwọ́ wà ní ìdí. Ti máṣíìnì wà nítòsí ẹnu. Ẹ fi èékánná họ ti máṣíìnì wò, ẹ ó kan ipa gígùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú: inú rẹ̀ ni òwú ń sá sí bí abẹ́rẹ́ bá wọ aṣọ. Lódìkejì, lókè ojú díẹ̀, wọ́n bu ibì kan jẹ, kí ìkọ́ tó ń yí ilé bọ́bìnnì (ibi tí òwú ìsàlẹ̀ wà) ká lè rí òwú já mú. Ipa gígùn ni kó kọjú sí ibi tí òwú ti ń wọlé. Bí ẹ bá kì í sódì, ìkọ́ kò ní bá òwú, máṣíìnì á sì máa fo ojú rírán. Èyí tó tẹ̀ náà ń fò: ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, bí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá dọ́gba, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́: Ní ti ìlera, Yorùbá ló gbòòrò jù. Faransé pe irin ní «aiguille», ó pe gígún ní «piqûre», ó pe ti àjẹsára ní «vaccin». Abẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. Nítorí náà, bí ìwé bá ní «ẹ ju abẹ́rẹ́ sínú páálí», ẹ fi kún un pé irin pẹ̀lú sìríǹjì ni, lọ́gán tí wọ́n bá gún un tán, láìdé e padà, torí nídìí dídé ló ti ń gún ọwọ́ ẹni. Bí páálí bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n pa á dé. Nọ́ńbà tiwa jọ ti abẹ́rẹ́ ọwọ́: 25G (mìlímítà 0.5) tín-ín-rín ju 23G (0.6) lọ.

Ará_Ṣábẹ̀ẹ́: Ọwọ́ aago ni ti aago, ẹ pa abẹ́rẹ́ yẹn rẹ́. Ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou gba ọ̀dọ̀ wa kọjá: «aiguille» tirẹ̀ ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè yà sí ojú irin mìíràn. «Irin ìyà» á yé àgbà ju abẹ́rẹ́ lọ. Ti kọ́ńpáàsì lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé abẹ́rẹ́ olóko, tí Faransé ń pè ní «bident»: èso dúdú tín-ín-rín, ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ etí ìró bí èèyàn bá gba inú igbó kọjá.