Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n yin ìbọn wò, mi ò sì di ìbọn mú rí. Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ ni?

Ọmọ Ayédé: Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko kókó wa wà lọ́nà Ìṣẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn ọba Èkìtì méjì, Onímòjò àti Elẹ́sun, ní oṣù Jánúárì 2024, ọkàn àwa tá à ń dá lọ sóko ò balẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìbọn ṣakabùlà kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á mú mi wọgbó, òun á ki ìbọn náà, òun á gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n yìn ín lu igi. Mo ní ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ kọ́ nǹkan kan ni, ẹ̀rín ló fi mí rín: "Ta ló kọ́ bàbá wa?" Ìyàwó mi ní òun ò fọwọ́ sí i. Kí lẹ wí?

Ọmọ Onírè: Ta ló kọ́ bàbá yín kẹ̀? Bàbá tiwọn náà ni! Ní Ìrè tiwa níbí, ìlú Ògún, kò sí ọdẹ tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó gbé ìbọn. Ọmọ tó bá ń tẹ̀lé ọdẹ, àpò ló kọ́kọ́ ń gbé, lẹ́yìn náà àtùpà. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn, èyí tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò kàn ní sátífíkéètì ni. Ẹ̀gbọ́n yín alára ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́n yìn?

Ìyá Dọ́lápọ̀: Ẹ gbọ́ tìyàwó yín.

Akọni: Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ajínigbé á dúró kó kọ́ṣẹ́ tán ni? Ìbọn ò le. Ẹ nà án sí nǹkan, ẹ fà á.

Ọmọ Ọdẹ Ìkòlé: Akọni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n mo bá bàbá mi wọgbó dáadáa. Fífà yẹn ló rọrùn jù. Ibi tí wàhálà wà ni kí a tó fà á, àti ìgbà tá a bá fà á tí kò dún.

Ẹnu ni wọ́n ti ń da ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ọta á wá tẹ̀lé e. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bàbá mi ò fojú dá ẹ̀tù rí, òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń bù ú. Ẹ̀tù inú ọta ìgbàlódé ò sì gbọ́dọ̀ wọ ṣakabùlà láé, agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Ẹ wá ní ẹ̀gbọ́n yín á kì í, á gbé e fún yín. Èmi ò ní gba ìbọn tí mi ò rí bí wọ́n ṣe kì í, kódà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ìbọn tó ti wà nílẹ̀ látìgbà tí bàbá ti kú, tí ìpẹtà bá ti jẹ inú ẹ̀, ẹ má yìn ín rárá.

Ẹ wá fà á, kò dún. Ẹni tí kò kọ́ ọ á yí i padà, á yọjú wo ẹnu ẹ̀. Iná lè ṣì wà nídìí ẹ̀tù, kó wá dún lójijì! Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò séèyàn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bó bá sì dún, ẹ má sáré da ẹ̀tù mìíràn sí i.

Igi tí ẹ fẹ́ yìn yẹn, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Ahéré pọ̀ lọ́nà Ìṣẹ̀, àwọn ìyá tó ń ṣẹ́gi náà wà níbẹ̀. Ìka yín ò sì gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fà á títí ẹ ó fi ṣe tán láti yìn. Ẹ dí etí yín pẹ̀lú, àwọn bàbá ọdẹ wa tí kò gbọ́ràn mọ́ ò kéré.

Ọmọ Èkìtì ní Kánádà: Níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ ààbò ìbọn kí ìjọba tó fún un níwèé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò níwèé lè yin ìbọn wò bí ẹni tó níwèé bá dúró tì í gbágbáágbá, tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó dúró tì yín yẹn ni gbogbo ẹ̀.

Ọlọ́pàá Àná: Ẹ ò tíì béèrè ìwé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ní ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ níwèé àṣẹ ọlọ́pàá. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tó ọdún 17, ẹni tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa tàbí ọ̀mùtí. Ìbọn tí kò níwèé, owó ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, ló wà ńdìí ẹ̀.

Ọmọ Ayédé: Mo bi í léèrè. Ó ní ìwé wà, orúkọ bàbá ló wà lórí ẹ̀.

Ọlọ́pàá Àná: Bàbá tó ti kú? Ẹ má gbé ìbọn yẹn kúrò nílé o, kódà fún Sátidé nìkan. Ẹ mú ìwé náà, ẹ fi ìbọn sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín lọ rí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ bá olórí ọdẹ àdúgbò lọ bí ẹ bá lè rí i.

Akọni: Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, mo gbà.

Ọmọ Ayédé: Ẹ ṣeun. Mo ti ní kò sí Sátidé mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń bínú, kò gbé fóònù mi. Mo ti bá olórí ọdẹ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn á bá wa dé ọ́fíìsì DPO. Wọ́n tún ní bí mo bá fẹ́ kọ́ ọdẹ, kí n má retí ìbọn lọ́dún yìí.