Ṣé ẹnì kan ti gbọ́ Real Enemies, álíbọ́ọ̀mù jáàsì ti Darcy James Argue, dáadáa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ jáàsì, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ álíbọ́ọ̀mù yìí tán, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ṣe ni gbogbo ẹ̀ ń ṣe bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ mi. Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni àbí etí mi ni?

BàbáFèrè: Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, àbúrò. Oríṣi ohùn 12 ló wà lórí dùùrù, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí ìkankan má bàa jọ̀gá, torí ẹ̀ lo ò ṣe rí ilé tí orin ń padà sí. Èèyàn 18 ni bándì yẹn, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́ 5! 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Brooklyn, tòun ti fíìmù.

Àdùkẹ́_Jáàsì: Ìfura pé àwọn kan ń dìtẹ̀ sáwọn èèyàn ní kọ̀rọ̀ ni álíbọ́ọ̀mù náà dá lé, ìfura yẹn kì í sì í ṣe lásán ṣá. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣáà tẹ́tí sí fóònù Martin Luther King tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Frank Church nílé aṣòfin wọn ló tú u síta ní 1975. Ẹ tún Dark Alliance gbọ́, ọ̀kan lára orin inú álíbọ́ọ̀mù náà, ọ̀rọ̀ CIA (amí Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè), àwọn Contra tó ń bá ìjọba Nicaragua jà àti kokéènì ní Los Angeles ni, ijó ló kọ́kọ́ máa wù yín jó kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Èmi ò gba ti ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn tí wọ́n ń dà sáàárín orin yẹn jàre, fèrè ti sọ ọ́ tán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà. Dark Alliance ni mo ń gbọ́ báyìí.